Kẹ́hìndé Tí Kò Ní Fọ́tò

Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró dáadáa. N kì í ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, n kì í ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, n kì í sì í gbé àga kúrò níbi tí mo bá bá a. Bí mo bá bá èèyàn nídìí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà, bó ṣe wà náà ni màá yà á. Bí òógùn bá ń ṣàn lójú rẹ̀, òógùn náà á wọ inú fọ́tò. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò nìyẹn, ó sì ti sọ mí di ọ̀tá ọ̀pọ̀ onífọ́tò tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, nítorí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ bí mo bá rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò dé Mẹ́kà rí, tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n á ta aṣọ tí wọ́n ya Káábà sí sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wé láwàní lé e lórí, ó di Alájì. Mo máa ń sọ fún wọn lójú ara wọn pé irọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á ní kí n máa bá tèmi lọ.

Ṣubúọlá ni orúkọ mi. Ọmọ ahunṣọ ni mí, Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gun ọ̀kadà káàkiri Òkè-Ògùn, tí mò ń ya àwọn èèyàn ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn: àwọn tó ń to iṣu jọ ní Ìpàpó, àwọn tó ń dúró de mọ́tò ní Àgọ́-Àrẹ, àwọn tó ń ti ọ̀nà bodè bọ̀ tí eruku ti sọ irun wọn di pupa. Òfin kan péré ni mo tún fi kún èyí tí mo ti sọ. Bí mo bá ya èèyàn, mo gbọ́dọ̀ mú fọ́tò náà padà fún un. Bó pẹ́ bó yá, màá fọ̀ ọ́, màá gbé e wá, màá fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ayafọ́tò kan wà tí wọ́n máa ń ti òkèèrè wá ya àwọn èèyàn wa bí ẹní ń ya ẹran inú igbó, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbúròó wọn mọ́. Inú wọn máa ń bí mi gan-an ni.

Bó ṣe di pé mo gbé fọ́tò àwọn ìbejì lọ sí Ìgànná nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni mo yà wọ́n, nígbà ọyẹ́, ní ilé gàrí tó wà lẹ́yìn ọjà. Èéfín ló gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó ti agbada, wọ́n ń yan gàrí, wọ́n sì ń bú ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ náà tún ti dákú. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin méjì kan ti sáré gba iwájú mi kọjá, aṣọ kan náà, irun kan náà, bàtà kan náà. Mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan kọjú sí mi gan-an, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pariwo. Èkejì ti yí ẹ̀yìn padà, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ń sá bọ̀, irun dídì orí rẹ̀ àti etí kan péré ló hàn. Kí n tó tún gbé kámẹ́rà sókè, èéfín ti gbé wọn mì. Nínú gbogbo ohun tí mo yà lọ́dún náà, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ó pẹ́ kí n tó ráyè padà. Nígbà tí mo dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa ọ̀nà yẹn ti di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé mi sì ń ṣépè fún kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó mọ bàbá tó bí i. Mo yà sí ilé gàrí, mo fa fọ́tò náà yọ, mo bi àwọn obìnrin ibẹ̀ pé ta ló ni àwọn ọmọ yìí. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ariwo, wọ́n ń nà án síra wọn. Lẹ́yìn náà ni ariwo náà rọlẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fàtímọ̀ ló dá a padà fún mi.

"Ilé Ìyá Ìbejì nìyẹn lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí," ó ní. "Ẹ rọra o, Àǹtí."

N kò bi í pé kí ló dé tí mo fi ní láti rọra. Inú mi ti dùn jù. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń gbé fọ́tò lọ fún ẹni tó ni ín, ẹsẹ̀ mi á sì máa yá nílẹ̀.

Misturat ni orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Ìbejì. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ràmọ́nì, jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ti lọ sóko. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. Mo dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti ga sí i, ó sì ti rù.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, mo kí Misturat, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo ti wá. Mo wá fi ẹ̀rín na fọ́tò náà sí i.

"Àwọn ọmọ yín rèé, Ìyá Ìbejì. Èkejì dà? Ẹ pè é kó wá wo ara rẹ̀."

Misturat nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó gbà á, ó wò ó. Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ kejì já bọ́ sínú ẹ̀gẹ́. Ìyá Ràmọ́nì ló dá mi lóhùn.

"Kẹ́hìndé ti lọ sí Èkó," ó ní, ó sì fi ojú tọ́ka sí ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó yé mi. Ọmọ Yorùbá ni mí, wọn kì í sọ létí ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n á ní ó rin ìrìn-àjò, wọ́n á ní ó lọ sí Èkó, kí ọkàn èyí tó kù má baà fà sí i, kí òun náà má baà tẹ̀ lé e. Mo rántí ẹ̀rín tí mo fi na fọ́tò náà sí ìyá ọmọ, ó sì wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Misturat ní kí Táyé lọ bá òun bu omi wá lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọmọ lọ tán, ó sọ ọ́ fún mi. Ibà ni. Wọ́n ra oògùn, ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán, ló bá tún gbé e. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Ràmọ́nì lu ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀nà yẹn kọjá. Oorun gbé wọn lọ díẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀mí ti bọ́ lára ọmọ. Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Inú fóònù Ràmọ́nì ni ìwọ̀nba tí wọ́n ní wà, fóònù náà sì ti já sódò lọ́nà oko kí àìsàn tó dé. Wọ́n rò pé àyè ṣì wà láti ya òmíràn.

"Mo ti ń gbàgbé ojú rẹ̀," Misturat ní. "Ẹ lè máa rò pé irọ́ ni, Àǹtí. Èmi tí mo bí i! Bí mo bá dijú, Táyé ni mò ń rí. Bí mo bá ní kí n rántí Kẹ́hìndé, Táyé náà ló tún máa wá. Bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra tó yẹn. Mo mọ̀ pé wọn ò jọra tó yẹn."

Ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ: ojú ọmọ rẹ̀, kó lè rí i kó tó pòórá pátápátá. Fọ́tò sì rèé lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku tí kò sí níbẹ̀.

"Òun rèé," ó ní. "Òun ló kọjú síbí. Kẹ́hìndé mi rèé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun."

Ìyá Ràmọ́nì nawọ́ gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó mi orí.

"Táyé nìyí, Misturat. Kẹ́hìndé ló yí ẹ̀yìn padà."

"Kẹ́hìndé ni, Màámi. Ẹ wo ẹnu rẹ̀."

"Ẹnu Táyé ni. Táyé ló máa ń lanu báyẹn tó bá ń sáré."

"Àwọn méjèèjì ló máa ń lanu!"

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èèpo ẹ̀gẹ́.

"Aṣọ kan náà ni mo máa ń wọ̀ fún wọn," ó ní. "Irun kan náà ni mò ń dì, yẹtí kan náà ni mò ń rà. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ̀kan ní nǹkan tí kò fún èkejì, mo máa ń dá a padà ni. Mo fẹ́ kí wọ́n bára mu. Bí àwọn èèyàn bá pe Táyé ní Kẹ́hìndé lọ́jà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, inú mi á dùn."

Gbogbo ìyá ìbejì tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn èèyàn á ní ìyá wọn kò tọ́jú wọn.

Táyé gbé omi dé. Misturat fa fọ́tò náà hàn án kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró.

"Táyé, wò ó. Kẹ́hìndé lèyí, àbí?"

Ọmọ náà wo fọ́tò, ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Wò ó dáadáa," ìyá àgbà ní. "Ṣé ìwọ kọ́ nìyí?"

Ó yíjú sí ìyá àgbà, kò tilẹ̀ wo fọ́tò mọ́. "Èmi ni, Ìyá àgbà."

N kò lè bá a wí. Ohun tí oníkálukú fẹ́ gbọ́ ló ń sọ fún un. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde, mo ṣí gbogbo ohun tí mo yà ní Ìgànná lọ́jọ́ náà, Misturat sì dúró lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Èéfín, agbada, ọwọ́ àwọn obìnrin, ẹ̀rọ tó dákú, ajá kan tó sùn sídìí àpò gàrí. A wò ó títí dé òpin, kò sí àwọn ọmọ náà níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yà wọ́n lóòótọ́. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn fáwọn ẹgbẹ́ mi, pé èmi kì í tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Lọ́jọ́ náà, ó dùn mí wọra.

Ìyá Ràmọ́nì ló wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tó ku ọ̀kan?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú àwa onífọ́tò? Wọ́n á gbé èyí tó wà láyé jókòó sí apá kan, wọ́n á yà á. Wọ́n á sún un sí apá kejì, wọ́n á tún yà á. Lẹ́yìn náà wọ́n á so fọ́tò méjèèjì pọ̀, á wá di ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn. Láyé ìgbà kan, ère ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìbejì tó lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn wa gba Ìsìláàmù, wọ́n pa ère tì, àmọ́ ohun tó ń ṣe ìyá ìbejì kò yí padà, ni fọ́tò bá bọ́ sípò rẹ̀. Ìyá àgbà ní Bàbá Àjàgbé, onífọ́tò àtijọ́ ìlú náà, ló ń ṣe é fún gbogbo wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé Táyé lọ bá a, ojú bàbá ti fọ́, kò lè ṣe é mọ́.

Mo ní n kò lè ṣe é. Mo mọ̀ pé ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ, irú ọ̀rọ̀ yẹn sì ni mo ti ń bá àwọn onífọ́tò jà lé lórí láti ọjọ́ yìí.

"Màmá, ẹ má bínú. N kì í fi ohun tí kò sí sínú fọ́tò. Bí mo bá ṣe é, Táyé lẹ máa gbé kọ́ ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́hìndé kò ní í sí níbẹ̀. Irọ́ ni yóò jẹ́."

Ìyá Ràmọ́nì wò mí títí, kò sì bínú. "Òótọ́ ni ìwọ gbé wá," ó ní. "Ó dáa. Èwo ni Kẹ́hìndé nínú rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Ìgbà yẹn ni Táyé súnmọ́ mi, ó fọwọ́ kan okùn kámẹ́rà.

"Àǹtí, ṣé ojú títì lẹ ti máa ń ya àwọn èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ máa ń dé Èkó?"

Mo wo Misturat. Ó ti mú ọ̀bẹ, kò bẹ nǹkan kan. "Mo máa ń dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan," mo ní.

"Tẹ́ ẹ bá rí Kẹ́hìndé lójú títì níbẹ̀, ṣé ẹ máa yà á, kẹ́ ẹ mú un wá fún Màámi?"

Ìyá rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi tí n kì í fi irọ́ sínú fọ́tò, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Màá yà á, ọmọ mi." Misturat dìde wọlé, a sì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá bó ṣe ń fi aṣọ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ẹkún náà má baà jáde.

"Màmá," mo sọ fún ìyá àgbà, "ẹ jẹ́ ká ṣe é láàárọ̀ ọ̀la."

Ilé Fàtímọ̀ ni mo sùn sí. Bó ṣe ń se oúnjẹ nírọ̀lẹ́, ó sọ fún mi pé gbogbo ilé gàrí ló ń bẹ̀rù fún Táyé. Kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ibi tí ìyá rẹ̀ bá wà ló máa ń wà. Bí ìyá rẹ̀ bá ń yan gàrí, á jókòó síwájú rẹ̀ nínú èéfín, á máa wò ó, ojú rẹ̀ á pọ́n, kò sì ní í dìde. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń pè é. Álífáà tiẹ̀ ti ṣe tírà fún un, Fàtímọ̀ ní, àmọ́ ọmọ náà kò sanra, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá wọn yà á dáadáa o," ó ní. "Bí ìyá rẹ̀ bá rí i gbé kọ́ ara ògiri, bóyá ọkàn tọmọ-tìyá á balẹ̀."

Mo ní ó dáa. N kò tíì mọ̀ nígbà náà bóyá inú ara mi ló ń bí mi tàbí inú iṣẹ́ mi.

Ní òwúrọ̀, oòrùn rọra yọ, òjò tó rọ̀ ti fọ eruku kúrò lára ewé. Èmi tí n kì í gbé àga kúrò níbi tó wà, mo gbé bẹ́ǹṣì láti abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá síwájú ògiri ilé. Misturat ti wẹ̀ fún ọmọ, ó ti fi òrí pa á lára. Ó gbé aṣọ ànkárá méjì jáde nínú àpótí, méjèèjì bákan náà, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ẹyẹ funfun. Ó wọ ọ̀kan fún un. Aṣọ náà ti kúrú sí i lára.

Táyé jókòó sí apá òsì. N kò sọ bó ṣe máa ṣe fún un. Ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí wọ́n ní kí ọmọdé rín. Mo yà á.

"Ó yá," ìyá àgbà ní.

Misturat bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ó sì wọ èkejì fún un. N kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, ṣùgbọ́n Misturat kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀yìn, ìyá àgbà ló bá a dè é. Ọmọ náà sún sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì.

"Kẹ́hìndé ni ọ́ báyìí o," ìyá àgbà sọ fún un. "Jókòó bíi Kẹ́hìndé."

Táyé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ó fi ọwọ́ òsì di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mú. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó fa ètè ìsàlẹ̀ wọnú, ó sì ń yọ́ wò wá bí ọmọ tó máa ń dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi kò mọ Kẹ́hìndé, mo kàn rí i sáré kọjá nínú èéfín ni. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọmọ tó jókòó sí apá òsì lẹ́ẹ̀kan kọ́ ló jókòó síbí yìí.

"Kẹ́hìndé!"

Misturat ló ké bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń pe ẹnikẹ́ni, ó rí i ni.

"Màámi," ọmọ náà dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Misturat ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì, kò fọwọ́ kan ọmọ náà, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń mu omi.

"Kẹ́hìndé, ṣé ara ṣì ń gbóná?"

"Kò gbóná mọ́, Màámi."

"Orí ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń fọ́ ẹ?"

"Ó ti dákẹ́."

"Ọkọ̀ ni kò sí. Bàbá yín wá ọkọ̀ títí. A ò fi ẹ́ sílẹ̀, o gbọ́? A ò fi ẹ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀, Màámi."

Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì kámẹ́rà. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ń sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́, pé irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. N kò tẹ̀ ẹ́. Omi ti kún ojú mi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dá mi dúró. Èmi kọ́ ni ojú yẹn wá bá.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọmọ náà tú ẹsẹ̀ tó fi kọ́ra.

"Màámi, ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Ṣé kí n padà di Táyé?"

Misturat ta gìrì. Ó fa ọmọ náà já kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e lé itan, ó ń fi ọwọ́ nù ún lójú, nímú, lẹ́nu, ó ń sọ pé, "Táyé ni ọ́. Táyé ni mo bí. Má bínú, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó tún máa ní kó o di ẹlòmíì mọ́ láé." Kò yíjú padà nígbà tó bá mi sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má so nǹkan kan pọ̀. Mo ti rí i."

Mo wo ìyá àgbà, nítorí òun ló ní ká ṣe é. Ó mi orí pé kí n gbé kámẹ́rà kúrò. Mo gbé e sínú àpò rẹ̀.

"Táyé, gbọ́," Misturat ní. "Irọ́ la pa fún ẹ. Kẹ́hìndé ò sí ní Èkó." Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá a dúró, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Misturat tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. "Kẹ́hìndé ti kú, ọmọ mi."

Táyé fi àtẹ́lẹwọ́ nu omijé kúrò lójú ìyá rẹ̀, ó nu ti apá kan, ó nu ti apá kejì. Kò sunkún.

"Mo mọ̀, Màámi," ó ní. "Orí ẹní kan náà la jọ sùn. Ó ti tutù kẹ́ ẹ tó jí. Ẹ wá ní Èkó ló lọ." Ó tún nù ún lójú. "Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ò tíì mọ̀."